Gìtá dùn nínú ríhásà, ó dénú rẹ́kọ́ọ̀dù ó di kòkòrò inú agolo: Ẹ má tíì gbé áńpù onífáàfù yín tà o!

Bí ẹ bá gbọ́ pé bándì kan tú ká nílùú yìí, ìbéèrè méjì làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè: ṣé owó ni wọ́n jà lé lórí ni, àbí obìnrin? Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ṣé ọ̀rọ̀ gìtá ni. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti bá àwọn olórin jókòó pẹ́ mọ̀ pé ìjà tó le jù nínú yàrá ríhásà, ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ká sílẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn ló máa ń ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Onígìtá á rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun ní áńpù, tàbí kí gbogbo bándì dáwó jọ ra tokunbo. Kì í ṣe áńpù lásán o, áńpù onífáàfù ni, irú èyí táwọn àgbà olórin fi gba orúkọ. Lọ́jọ́ tó bá dé, wọ́n á tàn án, gìtá á máa ro kedere, inú kálukú á dùn. Wọ́n á ní ó yá, ẹ jẹ́ ká ká orin yìí sílẹ̀. Wọ́n á gbé fóònù tàbí máìkì kan síwájú, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á ta gìtá fún wákàtí méjì. Ìgbà tí wọ́n bá wá jókòó tẹ̀ ẹ́ gbọ́, háà! Gìtá tó dùn bí oyin láàárọ̀ ti di kòkòrò tí wọ́n sé mọ́nú agolo mílíìkì. Onígìtá á ní onílù ló ń lu ìlù bí ẹni ń lu olè. Onílù á ní ta ló ní kó yí áńpù sókè bẹ́ẹ̀ yẹn. Akọrin á ní òun ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn òun rárá. Ẹni tó dáwó jù á wá ní kí wọ́n kúkú gbé áńpù náà lọ tà, kí wọ́n pín owó.

Ẹ ní sùúrù ná. Áńpù yẹn lè máà jẹ̀bi. Ohun tó fa gbogbo wàhálà yẹn ni pé ohun tí etí yín gbọ́ nínú yàrá kọ́ ni máìkì gbọ́, bẹ́ẹ̀ máìkì ló ń rojọ́ fún rẹ́kọ́ọ̀dù, kì í ṣe etí yín.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ fáàfù, gíláàsì ni, ó jọ gílóòbù kékeré, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí rédíò ńlá onígi táwọn bàbá wa máa ń gbé sí pálọ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tàn án, gbogbo ilé á dúró díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Fáàfù inú rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè kó gbóná. Nígbà tí tìràǹsísítọ̀ dé, tó kéré, tí kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, tí kì í fọ́ bí gíláàsì, rédíò ju fáàfù nù. Àwọn onígìtá ò ju tiwọn nù.

Wọ́n sì ní ìdí. Bí èèyàn bá ń yí áńpù onífáàfù sókè, kì í déédéé ya. Ohùn á kọ́kọ́ nípọn, á wá máa há díẹ̀díẹ̀, bíi ti akọrin tó fi òru mọ́jú lóde ìnáwó. Ẹ ta okùn gìtá jẹ́jẹ́, ohùn á mọ́. Ẹ fi ìbínú ta á, áńpù náà á bínú. Ọ̀pọ̀ àwọn áńpù tìràǹsísítọ̀ ìgbà àtijọ́ ò mọ ìyẹn ṣe: wọ́n mọ́ tàbí kí wọ́n ya, kò sí àárín méjì. Orúkọ àwọn tó gbajúmọ̀ jù kò ju mẹ́ta lọ. Fender ti California ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Vox AC30 tàwọn Beatles lò wà níbẹ̀. Marshall náà ńkọ́? Jim Marshall, tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell, London, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiẹ̀ ní 1962, áńpù Fender kan tí wọ́n ń pè ní Bassman sì ni wọ́n wò ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Onílù ni Marshall yìí kó tó di oníṣòwò áńpù, kí àwọn onílù tó ń pariwo lé onígìtá lórí rántí ìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣì í ni wáàtì. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ohun ńlá. Bí wọ́n bá ní áńpù 100 wáàtì àti ti 10 wáàtì, ẹni mélòó ló máa mú ti mẹ́wàá? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: létí ọmọ èèyàn, 100 wáàtì kì í pariwo ju 10 wáàtì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ìlọ́po méjì péré ló ṣe máa ń rí létí. Èyí túmọ̀ sí pé 10 wáàtì ti tó láti dà yàrá ríhásà rú. Áńpù onífáàfù sì rèé, adùn tí mo ń sọ yẹn kì í dé àyàfi tẹ́ ẹ bá yí i sókè kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ti 100 wáàtì lẹ gbé sínú yàrá kan ní Mushin, kí adùn tó dé, lanlọ́ọ̀dù á ti dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sáwọn tó lórúkọ jù wá lọ. Ní 1966, nígbà tí Eric Clapton bá John Mayall àtàwọn Bluesbreakers wọ sítúdíò Decca ní London láti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ó gbé áńpù Marshall rẹ̀ wọlé, ó ní bóun ṣe ń yí i sókè lóde eré náà lòun máa yí i níbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹnjiníà sítúdíò máa ń ní kí onígìtá rẹ áńpù sílẹ̀ ni. Ọmọkùnrin náà fàáké kọ́rí. Ohun tí wọ́n rí ṣe sí i ni pé wọ́n gbé máìkì jìnnà sí áńpù náà. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn wá di èyí táwọn onígìtá ń tọ́ka sí títí dòní. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé yàrá ńlá ni Decca ní, ẹnjiníà tó mọṣẹ́ ló sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1970, Clapton yìí kan náà wà ní Miami pẹ̀lú Duane Allman, wọ́n ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Layla. Kí lẹ rò pé wọ́n lò? Fender Champ! Áńpù kékeré tó jẹ́ pé ọwọ́ kan lèèyàn máa fi gbé e, tí wáàtì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi márùn-ún lọ. Wọ́n yí i sókè kó dùn, síbẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni létí. Èyí gan-an ni ọ̀nà tó yẹ bándì tó ń ṣe ríhásà nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pààlà síbì kan. Orin tí Clapton ń ta kọ́ ni jùjú. Gìtá jùjú kì í há. Gìtá mẹ́ta, mẹ́rin ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kálukú ló ní ibi tó ń dáhùn, bí ohùn wọn bá sì ti ya, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ lọ gbọ́ Juju Music tí King Sunny Adé ṣe fún Island Records ní 1982. Ẹ máa gbọ́ gìtá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gìtá aláyùn tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta, tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn, á sì máa gba àárín wọn kọjá bí ìgbà téèyàn ń fà aṣọ àrán. Irú ohùn báyìí ń fẹ́ áńpù tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ nílò lọ, kó lè wà ní mímọ́. Ìdí nìyẹn tí Fender Twin Reverb, 85 wáàtì, fi wúlò fún irú orin wa lóde ìnáwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo tó 29 kílò, tí ẹni tó ń gbé e á sì máa ṣépè lábẹ́nú. Fún yàrá ríhásà, Deluxe Reverb tó jẹ́ 22 wáàtì ti tó, kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó mọ́. Lójú tèmi o, bándì jùjú tí kò lówó fáàfù tó bá rí Roland JC-120 rà, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tìràǹsísítọ̀ ni, láti 1975 ni wọ́n ti ń ṣe é, ohùn rẹ̀ sì mọ́ bí omi òjò.

Ó yá, kí ló wá ń sọ gìtá di kòkòrò? Ẹsẹ̀ yín ni.

Ẹ ò gbàgbọ́? Ẹ wo onígìtá nínú ríhásà. Ó gbé áńpù sílẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀. Sípíkà dojú kọ ojúgun rẹ̀, etí rẹ̀ sì wà lókè lọ́hùn-ún. Ohùn tírẹ́bù kì í gun òkè, ọ̀kánkán ló máa ń lọ bíi ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Béèsì ló máa ń fọ́n káàkiri. Onígìtá wa ò wá gbọ́ tírẹ́bù dáadáa, ló bá na ọwọ́, ó yí tírẹ́bù sókè. Kò tíì tó, ó tún yí i. Ìgbà tó bá dùn mọ́ ọn létí níbi tó dúró sí, tírẹ́bù tó ń jáde lọ́kànkán sípíkà ti tó láti fi gé igi. Ọ̀kánkán yẹn náà ni wọ́n wá gbé máìkì sí! Ẹ gbé áńpù lé orí àga tàbí àpótí, tàbí kẹ́ ẹ fi nǹkan gbé iwájú rẹ̀ sókè kó wo ojú yín. Ẹni tí kò bá rí àga, kó rẹ fólúùmù sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gbọ́ ohùn náà níbi tí sípíkà wà kó tó yí bọ́tìnnì kankan. Ọ̀pọ̀ á rí i pé àwọn gbọ́dọ̀ dín tírẹ́bù kù sí ìdajì. Bí áńpù bá wà nígun yàrá, ẹ fà á kúrò níbẹ̀, ògiri méjèèjì máa ń fi kún béèsì títí á fi dún wúùwúù.

Máìkì ló kàn. Èyí tí wọ́n ń lò jù lọ fún gìtá láyé yìí ni Shure SM57, láti 1965 ló ti wà lọ́jà, kò lẹ́wà, kò gbówó lórí bíi ti sítúdíò ńlá, ó sì lágbára. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan iná sí aṣọ iwájú áńpù, ẹ máa rí sípíkà rírọ́bọtọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti ìbòrí kékeré tó wà láàrin gbùngbùn rẹ̀. Bí máìkì bá dojú kọ àárín gbùngbùn yẹn, ohùn á mú bí abẹ. Bẹ́ ẹ bá ń sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́, ohùn á máa rọ̀, á máa ṣókùnkùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìbòrí yẹn ti pàdé ara sípíkà, kí máìkì jìnnà sí aṣọ náà tó ìka méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá sún mọ́ ọn jù, béèsì á pọ̀ lápọ̀jù, nítorí irú máìkì yìí máa ń fi béèsì kún ohun tó bá sún mọ́ ọn.

Ẹ ká ìṣẹ́jú kan sílẹ̀. Kí ẹnìkan pariwo sínú máìkì pé “ibi kìíní nìyí.” Ẹ sún máìkì ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ tún ká a, “ibi kejì nìyí.” Lẹ́yìn márùn-ún, mẹ́fà, ẹ jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ etí. Ó máa yà yín lẹ́nu pé ìka kan péré lè ṣe ohun tí bọ́tìnnì mẹ́wàá ò lè ṣe. Ibi tó bá dùn jù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ níbi tí áńpù àti ẹsẹ̀ dúróró máìkì wà, kẹ́ ẹ má baà máa jà lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ti ìlù náà tún wà níbẹ̀. Gángan ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní máìkì gìtá, ibi gbogbo ló ń wọ̀. SM57 máa ń gbọ́ iwájú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kì í fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, ẹ tò yàrá yín kí ẹ̀yìn máìkì dojú kọ onílù, kí iwájú rẹ̀ kọjú sí áńpù. Kí onílù wà ní ìhà kan, kí áńpù wà ní ìhà kejì. Bí wáyà gìtá bá gùn tó, ẹ gbé áńpù sí kọ́rídọ̀ tàbí yàrá kejì, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, kí onígìtá sì dúró ti àwọn yòókù. Ẹni tí kò ní yàrá kejì lè fi bẹ́ẹ̀dì fóòmù àti búláńkẹ́ẹ̀tì ṣe ìdábùú láàrin wọn, kó sáà má fi bo áńpù fúnra rẹ̀ o, fáàfù gbóná, ó nílò afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn. Bí gìtá bá jẹ́ méjì, tí máìkì sì jẹ́ méjì, kí máìkì kejì jìnnà sí máìkì kìíní ní ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí áńpù tiẹ̀, ká má baà gbọ́ gìtá kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ wá ṣófo.

Àwọn tó jẹ́ fóònù nìkan ni wọ́n ní náà ńkọ́? Fóònù ní ìwà kan: bí ìlù bá ti bú gbàmù, á sáré rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀, bó bá dákẹ́ á tún gbé e sókè. Òun ló ń jẹ́ kí gìtá máa yọjú, kó máa sá pamọ́. Ẹ wá áàpù tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ pa ìwà yẹn. Ẹ má gbé fóònù sórí áńpù, ẹ má gbé e sílẹ̀, ẹ gbé e ga tó orí èèyàn, kó jìnnà sí onílù ju bó ṣe jìnnà sí gìtá lọ. Ẹ̀rọ èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fi ká a, ẹ má jẹ́ kí iná pupa rẹ̀ tàn. Kó máa dé nǹkan bíi -12 nígbà tó bá le jù. Ohùn tó kéré ṣeé gbé sókè lẹ́yìn, èyí tó bá ti ya nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ti ya nìyẹn.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ohùn ló lè bàjẹ́. Èyí tó kàn yìí, èèyàn ló ń pa.

Iná Amẹ́ríkà 120 fólítì ni. Tiwa níbí 230. Ẹ̀gbọ́n tó fi áńpù ránṣẹ́ láti Houston lè má rántí sọ fún yín. Ẹ wo ẹ̀yìn áńpù náà kẹ́ ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kọ 120 nìkan síbẹ̀, tí kò sí ibi tí wọ́n ti ń yí i, ẹ gbọ́dọ̀ ra tìráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kí agbára rẹ̀ sì ju wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù lọ dáadáa. Èyí tó ti London wá kò ní wàhálà yẹn, 230 ni tiwọn náà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń lò, tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ fi sítébíláísà sí i. Fíúùsì tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò, ẹ má fi bébà inú páálí sìgá wé e. Kẹ́ ẹ sì má ṣí inú áńpù fúnra yín, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti yọ ọ́ lára iná. Iná tó wà nínú rẹ̀ máa ń tó 400 fólítì, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á.

Ẹsẹ̀ kẹta ara púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń lọ sínú ilẹ̀, làwọn kan máa ń gé torí pé áńpù ń hun. Háà, ẹ má dán an wò! Ní May 3, 1972, Les Harvey, onígìtá bándì Stone the Crows, wà lórí pèpéle ní Swansea, orílẹ̀-èdè Wales, ọwọ́ rẹ̀ kan lára gìtá, ó fi èkejì kan máìkì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ò dára. Ojú èrò ló kú sí, ọmọ ọdún 27 ni. Ní 1976, Keith Relf tó ti kọrin fún Yardbirds kú nínú ilé ara rẹ̀, gìtá tí iná wà lára rẹ̀ ló ń ta. Bí ẹnu yín bá kan máìkì tí iná ta yín létè, ẹ dá ríhásà dúró, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa iná. Kó so áńpù, míksà àti máìkì mọ́ ibì kan náà tí ilẹ̀ rẹ̀ dára.

Ohun kékeré méjì ló kù. Ẹ ò gbọdọ̀ tan áńpù onífáàfù láìjẹ́ pé sípíkà wà lára rẹ̀, tìráńsífọ́mà inú rẹ̀ lè jó, owó rẹ̀ sì lè tó ti áńpù tuntun. Bí wọ́n bá kọ 8 síbi ihò sípíkà, ti 8 ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́. Ìkejì ni pé fáàfù máa ń gbó bí tàyà. Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ọjà fáàfù dàrú káàkiri ayé. Bí áńpù yín bá ń hó, tàbí tó ń dún bí agogo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta gìtá, ẹ tàn án kó gbóná, ẹ fi pẹ́ńsù onígi gbígbẹ gbá àwọn fáàfù kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, láìfi ọwọ́ kan irin. Èyí tó bá dáhùn pé gbáún nínú sípíkà, òun nìkan lẹ máa pààrọ̀.